Igbó tó bọ́ ọmọ mẹ́rin fún ọjọ́ 40

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan já sínú igbó Amásọ́nì ní gúúsù orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà. Èèyàn 7 ló wà nínú rẹ̀. Àgbà mẹ́ta kú, ìyá àwọn ọmọ wà lára wọn. Ọmọ mẹ́rin ló yè: ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13, àwọn àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 àti ọdún 4, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ oṣù 11. Ẹ̀yà Huitoto ni wọ́n, àwọn tó ti ń gbé inú igbó yẹn kí òyìnbó tó dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ṣójà rí ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn kò rí àwọn ọmọ. Ojú ẹsẹ̀ kékeré, ìgò oúnjẹ ọmọ ọwọ́ àti èso tí wọ́n jẹ kù ni wọ́n rí lójú ọ̀nà. Ṣójà tó lé ní 100 àti àwọn ọmọ ilẹ̀ tó mọ igbó dáadáa jọ ń wá wọn. Wọ́n gba ohùn ìyá àgbà àwọn ọmọ náà sílẹ̀ ní èdè Huitoto, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo rẹ̀ láti inú hẹlikópútà, pé kí wọ́n dúró sójú kan. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà, àwọn ọmọ ilẹ̀ tó ń wá wọn rí wọn. Wọ́n ti rù hangogo, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà láàyè.

Kí ni wọ́n jẹ? Fariña tó wà nínú ọkọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tó ń ta gàrí ní Kétu àti Àjàṣẹ́, bí ẹ bá rí fariña, ẹ ó dá a mọ̀: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì yan ni. Ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun wa, àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil sì wà lára àwọn tó tan iṣẹ́ gàrí ká.

Nígbà tí fariña tán, igbó ló kù. Ọmọbìnrin àgbà yẹn mọ èso tí èèyàn lè jẹ àti èyí tí kò ṣeé jẹ. Ó fi ẹ̀ka igi ṣe àtíbàbà, ó ń bu omi odò sínú ìgò, ó sì ń gbé àbúrò rẹ̀ kékeré káàkiri. Àwọn ẹbí rẹ̀ sọ pé ìyá àgbà rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn pe èyí ní iṣẹ́ ìyanu. A kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó gbà wọ́n là kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ́ lẹ́nu kan. Inú igbó ni wọ́n ti ń rìn ín kọ́. Igbó náà sì ń dínkù. San José del Guaviare, ìlú tí ọkọ̀ náà ń lọ, wà ní agbègbè tí wọ́n ti ń fi ayùn àti iná pa igbó run láti sọ ọ́ di pápá màlúù. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun FARC kúrò nínú igbó lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà ọdún 2016, àwọn olówó tó ń gba ilẹ̀ rọ́ wọlé. Ní ọdún 2017 nìkan, igbó tó pàdánù ní Kòlóḿbíà lé ní hẹ́kítà 200,000.

Àwọn Huitoto ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ilé iṣẹ́ rọ́bà Julio César Arana sọ wọ́n di ẹrú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú. Àwọn tó yè ló pa ìmọ̀ igbó mọ́ títí ó fi kan ọmọ ọdún 13 yìí. Bí igbó bá wá di pápá, níbo ni ìyá àgbà mìíràn yóò ti kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀?

Ìbéèrè yẹn kan àwa náà. Láti Kétu dé Sábẹ̀, mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló lè dárúkọ igi mẹ́wàá, kí wọ́n sì sọ èyí tó ń woni sàn? Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì wà. Nígbà ìsinmi ilé ìwé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá wọn lọ sóko. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òun náà ni yóò ta igbó.