Kí ni à ń béèrè nígbà tí a bá ń ṣọ́ àrùn ẹran? Àkíyèsí lórí orúkọ àrùn ní èdè Yorùbá

1. Ìbéèrè tí kò rí èsì

Ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu, mo tẹ̀lé òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ẹran kan lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sin adìyẹ. Èdè Faransé ni ìwé ìbéèrè rẹ̀. Èmi ni ògbufọ̀. Ìbéèrè kìíní dá lórí «grippe aviaire». Mo túmọ̀ rẹ̀ báyìí:

(1) Ìyá, ṣé gíríìpù ẹyẹ ti mú adìyẹ yín rí?

Wọ́n ní rárá. Òṣìṣẹ́ náà kọ «non». Bí a ti fẹ́ dìde, mo rí i pé ilé adìyẹ ṣófo. Mo tún béèrè:

(2) Ìyá, àwọn adìyẹ yín dà?

Wọ́n dáhùn pé: «Lùkúlùkú ti kó wọn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni.»

Ìyá kò purọ́. Èmi ni mo béèrè ohun tí kò ní orúkọ lẹ́nu wọn. Àṣìṣe yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ìbéèrè ni ìṣọ́ àrùn ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé yàrá àyẹ̀wò.

2. Orúkọ tó ń sọ ohun tí ojú rí

Fáírọ́ọ̀sì kò ṣeé fojú lásán rí. Àmì tí ẹran ń fi hàn ni Yorùbá sábà fi ń sọ àrùn lórúkọ. Ẹ wo dìgbòlugi: dìgbò + lu + igi. Àpólà ìṣe ló di orúkọ: ajá tí orí rẹ̀ ti dàrú, tó ń kọlu igi. Ẹni tó gbọ́ orúkọ náà ti mọ àmì tí yóò fi sá fún un.

Lùkúlùkú gbòòrò ju èyí lọ. Ó lè jẹ́ àrùn Newcastle. Ó sì lè jẹ́ gíríìpù H5N1, tó dé Nàìjíríà ní 2006, tó sì dé Benin ní 2007. Méjèèjì ń pa adìyẹ rẹpẹtẹ lójijì, ojú kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá kọ «Newcastle» síbi tí Ìyá ti sọ lùkúlùkú, a ti fi èsì sí ẹnu wọn. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fún wa. Yàrá àyẹ̀wò ló ni èsì.

3. Darandaran àti ọdẹ

Ní 2011 ni a kéde pé àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí Faransé ń pè ní «peste bovine» ti parẹ́ láyé. Ṣọ̀pọ̀nná nìkan ló ṣáájú rẹ̀, ní 1980. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí àrùn náà sá pamọ́ sí kẹ́yìn, àwọn oníṣègùn ẹran jókòó ti darandaran, wọ́n sì gbọ́ orúkọ àti àmì àrùn ní èdè wọn. Ara ẹfọ̀n, nínú ọgbà ẹranko Meru ní Kenya, ni a ti rí i gbẹ̀yìn ní 2001. Ìṣọ́ tó mọ sórí màlúù nìkan ìbá ti fò ó.

Ìdí nìyí tí a fi nílò àwọn ọdẹ. Ní Gabon àti Congo láàárín 2001 sí 2003, òkú ìnàkí àti ẹtu wà nínú igbó lásìkò tí Ebola ń jà. Ọdẹ ló sábà ń kọ́kọ́ rí irú òkú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ààlà: eku tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì Lassa kiri kì í ṣàìsàn. Kò sí àmì, kò sí orúkọ. Àyẹ̀wò nìkan ló lè tú u fó.

4. «Ṣọ́» fúnra rẹ̀

À ń ṣọ́ ilé kí olè má wọlé. À ń ṣọ́ ẹni tí a fura sí pẹ̀lú.

(3) A wá ṣọ́ ẹran yín.

Ẹni tó ń bẹ̀rù pé a ó pa adìyẹ òun láìsan owó lè gbọ́ (3) bí ìhalẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, adìyẹ ti dé ọjà, àrùn sì ti tẹ̀lé e. Ní báyìí, «A wá béèrè àlàáfíà ẹran yín» ni mo máa ń sọ.

5. Ìparí

Mo dá a lábàá pé kí a béèrè àmì ṣáájú orúkọ, kí a kọ orúkọ bí olóhùn ti pè é, kí ìtumọ̀ sì wà ní ìlà tirẹ̀. Iṣẹ́ àwa onímọ̀ èdè nìyẹn, kì í ṣe ti oníṣègùn ẹran nìkan. Nígbà tí mo fi béèrè (2), Ìyá ti sun gbogbo òkú adìyẹ wọn. Kò sí ohun tí a lè gbé lọ fún àyẹ̀wò mọ́.