Ìdí Tí Okùn Jẹnẹrétọ̀ Fi Ń Fúyẹ́ Lọ́wọ́

Bí ẹ bá fa okùn jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, tí okùn ọ̀hún kàn tẹ̀lé ọwọ́ yín wẹ́rẹ́ bí ẹni fa òwú, ẹ má wulẹ̀ dààmú pọ́lọ́ọ̀gì. Inú rẹ̀ ló ti jẹ.

Ohun tó ń jẹ níbẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí ó ṣe àkóbá fún Bọ̀dá mi tó ń gẹ irun ní Nàsáráwá, Minna, nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi rí irun gẹ̀, NEPA ò mú iná wá, jẹ́ńì ò sì jí.

Nínú ẹ́ńjìnnì, irin kan wà tó ní ihò gbọọrọ, òun ni sílíńdà. Pístìnnì ló ń lọ sókè-sódò nínú ẹ̀. Àlùmíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe pístìnnì. Àyè tó wà láàrin òun àti sílíńdà kò ju ìbú irun orí kan lọ, ríìngì irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì ń dí i. Tí pístìnnì bá ń gòkè, á fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀. Ìfúnpọ̀ yẹn ló máa ń bá ọwọ́ yín jà tẹ́ ẹ bá fa okùn.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú jẹ́ kí pístìnnì fún mọ́ sílíńdà pátápátá? Ooru ni. Tí àlùmíníọ̀mù bá gbóná, ó ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì bí irin ṣe ń fẹ̀. Tí ò bá sí àyè, á há, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Ìdí kan náà ni wọ́n fi gé ẹnu ríìngì sílẹ̀ tí kì í ṣe òrùka tó pé. Bí ara ríìngì bá ṣe ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń yà sí i. Bàbá mẹkáníìkì ti ríìngì nìkan sínú sílíńdà, wọ́n ní kí n fi èékánná wọ̀n ọ́n wò. Èékánná mi wọ ẹnu rẹ̀ fàlàlà. Wọ́n fi tuntun síbẹ̀, kò wọ̀. Nǹkan kékeré báyìí ló ti ṣọ́ọ̀bù!

Eruku ọyẹ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń jẹ ẹ́. Iyanrìn wà nínú eruku yẹn, iyanrìn sì le ju irin sílíńdà lọ. Fóòmù tó wà lẹ́nu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí ló yẹ kó dá a dúró, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń yọ ọ́ dànù kí jẹ́ńì lè mí dáadáa. Ọ́ìlì ni èkejì. Jẹ́ńì yìí ò ní ọ́ìlì tirẹ̀ nísàlẹ̀, inú epo la ti ń pò ó, ìwọ̀n 50 epo sí 1 ọ́ìlì, ìyẹn 20ml sí lítà kan. Látìgbà tí epo ti wọ́n ní 2023, àwọn kan ń ṣahun ọ́ìlì náà.

Àwọn ọmọ họ́stẹ́ẹ̀lì wa máa ń jiyàn pé AK-47 ò kọ eruku, kí ló dé tí jẹ́ńì ń kọ ọ́? Ìbéèrè yẹn dáa. Irin kan ń lọ síwá-sẹ́yìn nínú ìbọn náà lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Kalashnikov, ará Rọ́ṣíà, fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà kí eruku lè ríbi dúró sí. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tó ń ti ẹ̀yìn ọta ò gbọdọ̀ mì rárá. M16 àwọn Amẹ́ríkà fún jù ú lọ. Nígbà ogun Vietnam, ní nǹkan bí 1966, ó ń há mọ́ àwọn sójà lọ́wọ́, àmọ́ kì í ṣe fífún nìkan ló fà á: wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀tù inú ọta, ohun tí wọ́n á fi nù ún ò sì tó. Ti jẹ́ńì yàtọ̀, torí fífún yẹn gan-an niṣẹ́ rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ríìngì, ẹ kọ́kọ́ fi ìka ra inú sílíńdà. Tó bá ti ha gbọọrọ-gbọọrọ, ríìngì tuntun ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ ra bulọ́ọ̀kù pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sì gbé ẹrù wúwo lé e lọ́jọ́ kìíní. Gílóòbù kan tó.