Bí A Ṣe Ń Tún Ojú Tábúlẹ́ẹ̀tì Ṣe Kí Ìwé Kíkà Lè Rọrùn

ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ

Ìtọ́ni fún akẹ́kọ̀ọ́: Nínú àròkọ aṣàlàyé, ohun tí ẹni tí ó ń máàkì ìwé rẹ ń wá ni kí o to ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹẹsẹ, débi pé ẹni tí kò ṣe nǹkan náà rí yóò lè ṣe é. Kọ́kọ́ sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́ àti ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn náà, mú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.

Ìlapa èrò:
(i) Ìfáárà: ohun tí tábúlẹ́ẹ̀tì jẹ́ àti ìdí tí a fi ń tún ojú rẹ̀ ṣe
(ii) Ìmọ́lẹ̀
(iii) Bí lẹ́tà ṣe tóbi tó
(iv) Àwọ̀
(v) Ìsinmi ojú àti ìgbà tí ó yẹ kí a rí dókítà
(vi) Ìkádìí

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣọ́ ìwé rẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ọmọ ilé-ìwé bá fẹ́ kàwé lálẹ́, yóò kọ́kọ́ nu gíláàsì àtùpà, yóò sì yí òwú rẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀ títí iná yóò fi tó ojú. Lóde òní, ìwé ti wọ inú tábúlẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa a máa lò ó gẹ́gẹ́ bí ó ti ti ọjà dé, a sì máa fi ojú jìyà.

Tábúlẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ó tóbi ju fóònù lọ, tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú. Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà, bẹ̀rẹ̀ sí í pín irú rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama àgbà. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni wọ́n kó sínú rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Orúkọ náà bá a mu. Babaláwo kì í tẹ odù sórí ọpọ́n lásán. Yóò kọ́kọ́ da ìyẹ̀rosùn sí i, yóò sì tẹ́ ẹ dáadáa, kí ipa ìka rẹ̀ lè hàn kedere. Ẹni tí ó fẹ́ ka ọpọ́n ìgbàlódé náà ní láti kọ́kọ́ tún ojú rẹ̀ ṣe.

Jẹ́ kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Dọ̀pẹ̀mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní apá Ìkẹjà. Ìyá rẹ̀ ń tajà lẹ́bàá títì márosẹ̀ tí ó lọ sí Abẹ́òkúta. Yàrá kan ni gbogbo wọn ń gbé. Lọ́sàn-án, ojú fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí ni ó ń jókòó kàwé. Lálẹ́, nígbà tí iná bá ti lọ tí àwọn àbúrò rẹ̀ sì ti sùn, inú òkùnkùn ni ó ń kà á. Kò ní pẹ́ tí orí yóò fi máa fọ́ ọ, tí omi yóò máa bọ́ lójú rẹ̀, tí yóò sì pa ìwé tì. Ará ilé yóò ní ọ̀lẹ ni. Òun fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé orí òun kò gba ìwé. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tí kò bá ibi tí ó jókòó mu àti lẹ́tà tí ó kéré jù ni ó ń bá jà.

Ìmọ́lẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Fi ìka fa ojú tábúlẹ́ẹ̀tì láti òkè wá sílẹ̀. Ìwọ yóò rí ìlà kan tí àmì oòrùn kékeré wà lára rẹ̀. Bí o bá fà á sí ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Bí o bá dá a padà, yóò dín kù. Báwo ni ìwọ yóò ṣe mọ ìwọ̀n tí ó dára? Mú bébà funfun kan, kí o gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì níbi tí o ti ń kàwé. Bí ojú tábúlẹ́ẹ̀tì bá ń tàn bí iná mọ́tò ju bébà náà lọ, dín in kù. Bí ó bá dà bí eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà, fi kún un. Nínú òkùnkùn biribiri, tan fìtílà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, kí ojú rẹ má baà máa wo iná kan ṣoṣo láàárín òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ tí o bá dín kù yóò tún jẹ́ kí bátìrì pẹ́ kí ó tó kú, èrè ńlá sì ni èyí níbi tí iná kì í dúró.

Ní ti oòrùn, má ṣe bá a jìjàdù. Kò sí bí o ti lè fa ìlà náà tó tí tábúlẹ́ẹ̀tì yóò fi borí oòrùn ọ̀sán. Bọ́ sí ibòji, tàbí kí o yí ìjókòó rẹ padà kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé má baà máa ta padà sí ọ lójú. Pa ẹ̀rọ náà, kí o sì fi aṣọ gbígbẹ tí ó rọ̀ nu ojú rẹ̀, nítorí òógùn ìka àti eruku a máa bo lẹ́tà mọ́lẹ̀.

Lẹ́tà ni ó kàn. Tẹ àwòrán kẹ̀kẹ́ eléhín tí a kọ "Settings" sí lábẹ́, lẹ́yìn náà kí o tẹ "Display". Lórí ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì Android, ìwọ yóò rí "Font size", èyí tí ó ń sọ lẹ́tà di ńlá, àti "Display size", èyí tí ó ń sọ gbogbo ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ di ńlá. Lórí iPad, "Display & Brightness" ni kí o tẹ̀, kí o wá wo "Text Size"; "Bold Text" tí ó wà níbẹ̀ yóò mú kí lẹ́tà ki sí i. Jókòó bí o ti máa ń jókòó, kí ẹ̀yìn rẹ gún. Bí o bá ní láti na ọrùn kí o tó rí ọ̀rọ̀, lẹ́tà náà kò ì tíì tóbi tó.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá gidigidi. Wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Èkíní ni ó fẹ́ ìyàwó, èkejì ni àgbẹ̀ fi ń roko, ẹ̀kẹta ni a ń wọ̀ lọ sí Agége, ẹ̀kẹrin sì ni jagunjagun ń jù. Àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bí lẹ́tà bá kéré jù, àmì ohùn yóò dà bí ìdọ̀tí, àmì ìsàlẹ̀ yóò sì pòórá. Ẹni tí ó bá kà á ní àkàṣì yóò kọ ọ́ ní àkọṣì nínú ìdánwò, máàkì yóò sì lọ láìjẹ́ pé kò kàwé.

Àwọn ìwé PDF kan wà tí kì í gbọ́rọ̀ sí "Font size" lẹ́nu, nítorí bí àwòrán ojú ìwé ni wọ́n rí. Fún irú wọn, fi ìka méjì sórí ọ̀rọ̀ náà, kí o ya wọ́n síra, yóò sì fẹ̀. Tàbí kí o dá tábúlẹ́ẹ̀tì náà nídùbúlẹ̀, kí ìlà ọ̀rọ̀ lè kún ojú rẹ̀.

Àwọ̀ ni ìgbésẹ̀ kẹta. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, lẹ́tà dúdú lórí funfun ni ó rọrùn jù láti kà lọ́sàn-án. "Dark theme" a máa yí i padà sí lẹ́tà funfun lórí dúdú. Ó lè tu àwọn mìíràn lára nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá ń ṣe bàìbàì sí ọ níbẹ̀, padà sí ti àkọ́kọ́. "Night Light", tí iPad ń pè ní "Night Shift", a máa mú kí ojú ẹ̀rọ pọ́n díẹ̀ bí iná àtùpà. Bí o bá fẹ́ wo máàpù tàbí àwòrán ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, kọ́kọ́ pa á, nítorí kì í jẹ́ kí àwọ̀ hàn bí ó ti rí gan-an.

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí tán, rántí pé ojú kì í ṣe irin. Bí a bá tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, a kì í ṣẹ́jú tó bí ó ti yẹ, ojú a sì máa gbẹ. Àwọn dókítà ojú a máa gbani nímọ̀ràn pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí a wo ohun tí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà ńlá bá ṣì ń ṣe bàìbàì, tàbí tí o kò rí ohun tí olùkọ́ kọ sí ojú pátákó, má ṣe dá tábúlẹ́ẹ̀tì lẹ́bi mọ́. Sọ fún òbí rẹ kí wọ́n mú ọ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Títún ojú ẹ̀rọ ṣe kì í wo ojú ènìyàn sàn, ẹni tí ó nílò awò ojú kò sì gbọdọ̀ tijú láti lò ó.

Ní ìparí, láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB fún ìgbaniwọlé sí yunifásítì ti di ti ojú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, mímọ bí a ti ń kàwé lójú ẹ̀rọ ti di ara ìmúrasílẹ̀. Bí ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fún ọ bá ṣókùnkùn, sọ fún alábòójútó kí o tó bẹ̀rẹ̀, má dákẹ́. Ojú lọba ara. Kí o tó sọ pé ìwé le, kọ́kọ́ wò ó bóyá o rí i dáadáa.

Àkíyèsí: Wo bí òǹkọ̀wé ti sọ ìdí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti bí ó ti fi àpẹẹrẹ ọmọ Dọ̀pẹ̀mú hàn wá pé ọ̀rọ̀ náà kan ènìyàn gidi. Òwe méjì péré ni ó lò, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní ìparí. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kọ àròkọ aṣàlàyé lórí bí a ṣe ń tọ́jú bátìrì fóònù kí ó lè pẹ́.