Nígbà tí ojú ìkókó bá ń pọ́n

Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹjọ lẹ́yìn ìbímọ, ilé ọlọ́mọ tuntun kì í sùn. Ìyá ọkọ ti dé, ìyá ìyàwó wà lọ́nà, wọ́n ti ń ṣírò iye àga tí wọn yóò háyà fún ìsọmọlórúkọ. Àárín ariwo yìí ni ẹnì kan yóò tẹjú mọ́ ọmọ, tí yóò béèrè pé, "Ẹ gbọ́, ṣé kì í ṣe pé ojú ọmọ yìí ń pọ́n báyìí?" Ní ọ̀pọ̀ ilé, èsì tó máa ń tẹ̀ lé e ni, "Ẹ gbé e sí oòrùn àárọ̀, yóò lọ." Nígbà mìíràn, ó máa ń lọ lóòótọ́. Nígbà mìíràn kì í lọ, àsìkò tí a sì fi ń dúró de oòrùn ọ̀la lè jẹ́ àsìkò tí ọpọlọ ọmọ ń bàjẹ́.

Jọ́ńdíìsì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é, àwọn àgbà ń pè é ní ibà pọ́njú. Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ èdè, nítorí ohun tí mo ń kọ́ nìyẹn. Nínú èdè wa, "pọ́n" gba àyè púpọ̀. Ẹyìn pọ́n, ìbẹ́pẹ pọ́n, ojú ẹni tí kò sùn mọ́jú náà pọ́n. Ohun tó jẹ́ yẹ́lò nínú ẹyin adìyẹ, pupa ẹyin la pè é. Nítorí náà, bí ẹ bá pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù tí ẹ ní "ojú ọmọ mi ń pọ́n", ó lè rò pé Àpólò ni, kó ní kí ẹ fi omi tó mọ́ nu ojú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kó yé e: "Funfun ojú rẹ̀ ti di yẹ́lò." Àwọn olùkọ́ èdè yóò fẹ́ kí ẹ sọ pé ó ní àwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ìyá kan tó sọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Ibo ni yẹ́lò náà ti ń wá? Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń gbó, ó máa ń fọ́, tuntun á sì rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá fọ́, ohun kan tó ń jẹ́ bilirubin máa ń jáde láti inú rẹ̀, òun ló ní àwọ̀ yẹ́lò. Nígbà tí ọmọ wà nínú, ibi ló ń gbé e kọjá sọ́dọ̀ ìyá, ẹ̀dọ̀ ìyá á sì bá a palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìbí, ẹ̀dọ̀ ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀dọ̀ náà kò sì tíì lágbára tó. Ìdí nìyí tí nǹkan bí ọmọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá tí oṣù wọn pé fi máa ń ní jọ́ńdíìsì díẹ̀. Nínú àwọn tí oṣù wọn kò pé, ó tó mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, a sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì láìfi àpá sílẹ̀.

Èyí tó burú ni èyí tó pọ̀ ju agbára ẹ̀dọ̀ lọ. Bilirubin náà lè wọ inú ọpọlọ, ohun tó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà sí bó ṣe wà. Ọmọ náà lè di ẹni tí kò gbọ́ràn. Ọrùn rẹ̀ lè má dúró, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa lọ́ fúnra wọn, kò ní lè jókòó nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré. Inú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lè já fáfá, kí wọ́n mọ gbogbo ohun tí à ń sọ, ṣùgbọ́n ara wọn kò gbọ́ tiwọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é kiri. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, lójú gbogbo ilé.

Àwọ̀ ara wa dúdú, nítorí náà yẹ́lò kì í tètè hàn lára ọmọ wa. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní ọ̀sán, kì í ṣe abẹ́ gílóòbù, kì í sì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnì tó ní àwọ̀ yẹ́lò. Ẹ wo funfun ojú rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ orí imú rẹ̀ tàbí àyà rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ gbé ìka kúrò, kí ẹ wo àwọ̀ tó kọ́kọ́ hàn níbẹ̀. Ẹ wo èrìgì rẹ̀. Láti ojú ni yẹ́lò ti máa ń bẹ̀rẹ̀, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń pọ̀ sí i, nítorí náà bí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti yẹ́lò, ọ̀rọ̀ ti kọjá ilé. Ọmọ tó yẹ́lò kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé lẹ́yìn ìbí rẹ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí yẹ́lò náà kéré tó. Bákan náà ni ọmọ tó ń sùn jù tí kò fẹ́ mu ọyàn mọ́, tàbí tó ń ké pẹ̀lú ohùn tínrín, tó ń ta ẹ̀yìn sẹ́yìn bí ọrun, tàbí tí gìrì mú. Kódà bó jẹ́ òru, ẹ gbéra.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ẹ óò rí nínú nápí. Ìtọ̀ ìkókó kì í sábà ní àwọ̀. Bí ó bá ń kun aṣọ ní yẹ́lò, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ funfun bí ẹfun, ẹ fi han dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí yẹ́lò bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kánfọ̀. Èyí ni mo tìtorí rẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ yìí gan-an.

Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ G6PD. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa kí àwọn kẹ́míkà kan má baà fọ́ ọ. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ni èròjà yìí kò tó lára rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti níbikíbi tí ibà ẹ̀fọn ti ń jà láti ayébáyé. Ẹni tí kò tó lára rẹ̀ lè dàgbà, kó darúgbó, láìmọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ìyá náà sì lè má ní àmì kankan. Obìnrin náà lè ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀ tó ti ọkùnrin. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ẹ má jẹ́ kó di ẹjọ́ láàárín ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá fara kan kánfọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́ wìtìwìtì, bilirubin á sì ga lójijì. Orúkọ kan náà la fún ohun méjì níbí. Kánfọ̀ àtilẹ̀wá, láti ara igi kan ní Éṣíà ni, òun ni wọ́n ń fi sínú ìpara tó ń ta lára. Ṣùgbọ́n èyí tó funfun, tó rí roboto, tí à ń rà lọ́jà láti fi lé aáyán àti kòkòrò kúrò nínú aṣọ, náfútálínì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kútọnu tàbí Lomé yóò dá a mọ̀, naphtaline ni Faransé ń pè é. Òun ló ń fọ́ ẹ̀jẹ̀. Ọmọ kò nílò láti gbé e mì. Òórùn rẹ̀ tó ń fà símú tó, aṣọ tó kan ara rẹ̀ náà tó, bí wọ́n bá sì ti fi òróró pa ọmọ lára, kíá ló ń wọlé.

Ẹ wá wo bí aṣọ ìkókó ṣe ń dé ilé. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, tó ti wà nínú àpótí láti ọdún mẹ́ta pẹ̀lú kánfọ̀ mẹ́fà. Tàbí kí ìyá àgbà gbé òfì àti ṣọ́ọ̀lù tó fi pamọ́ láti ìgbà pípẹ́ wá, tìfẹ́tìfẹ́, òórùn kánfọ̀ á sì gba inú ilé. Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ pé kó gbé ẹ̀bùn rẹ̀ jáde? Ẹ jẹ́ kí bàbá ọmọ sọ ọ́, kó rọra sọ ọ́: "Màámi, ẹ ṣeun o. Dókítà ní ká má jẹ́ kí kánfọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ọmọ rárá. A ó fọ̀ wọ́n ná." Kí wọ́n fọ̀ wọ́n léraléra, kí wọ́n sá wọn sí oòrùn títí òórùn náà yóò fi tán pátápátá. Bí òórùn bá kù, aṣọ náà kò tíì yẹ fún ọmọ. Ó sàn jù kí kánfọ̀ má wọ ilé náà rárá, títí kan èyí tí wọ́n ń jù sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Aṣọ tó mọ́, tó gbẹ dáadáa, tó wà nínú ike onídèérí, kò nílò rẹ̀.

Ìpara àti pàwúdà tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù náà kò yẹ fún ìkókó, pàápàá lórí ìwọ́ rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi í sí. Jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine ni kí ẹ béèrè fún ìwọ́. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Òkè Ọya náà, ẹ ní sùúrù pẹ̀lú làálì: ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó, bíi ti náfútálínì.

Kì í ṣe kánfọ̀ nìkan ló ń fa jọ́ńdíìsì líle. Bí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá jẹ́ O tí ti ọmọ jẹ́ A tàbí B, tàbí tí ti ìyá jẹ́ nẹ́gétíìfù tí ti ọmọ jẹ́ pọ́sítíìfù, wọ́n lè máa bára wọn jà. Àkóràn àti bíbí ọmọ ṣáájú oṣù rẹ̀ náà ń fà á. Ìyá tó jẹ́ nẹ́gétíìfù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà láàárín wákàtí méjìléláàádọ́rin lẹ́yìn ìbí.

Ti oòrùn ńkọ́? Àwọn ìyá àgbà kò purọ́ tán. Ní ọdún 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan, Sister Jean Ward, máa ń gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé jáde sínú ọgbà. Ó wá hàn pé yẹ́lò ara ọmọ kan ti lọ, àfi ibi tí aṣọ bò. Dókítà Richard Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gbé ìwádìí jáde ní 1958. Láti ibẹ̀ ni iná búlúù tí à ń rí ní ilé ìwòsàn lónìí ti wá. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ oníṣègùn kan, tí Bolajoko Olusanya àti Tina Slusher wà lára wọn, gbé èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Èkó jáde: oòrùn tí wọ́n sẹ́ ṣiṣẹ́ bí iná búlúù.

Sísẹ́ yẹn ni kókó ibẹ̀. Abẹ́ ìbòji ni àwọn ọmọ náà wà, ọ̀rá pàtàkì tí wọ́n fi bò ó ń dá èyí tó pọ̀ jù lára ìtànṣán tó ń jó àwọ̀ ara dúró, ó sì ń dín ooru kù. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n ń lò níbẹ̀ lójúmọ́, tí nọ́ọ̀sì ń wọn ìgbóná ara wọn léraléra, tí wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ogún ìṣẹ́jú ní bàkọ́nì láàárọ̀, tí ọmọ wọ fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, kò jọ èyí rárá. Bí ẹ bá sì tú u síhòòhò fún wákàtí mẹ́ta, oòrùn lè jó o, tàbí kí òtútù mú un nígbà ọyẹ́.

Omi ìbẹ́pẹ, omi gúlúkóòsì àti Ampiclox tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu kì í lé bilirubin lọ. Inú ìgbẹ́ ni bilirubin ń bá jáde, wàrà ọyàn ló sì ń mú ọmọ yàgbẹ́. Ọmọ tí omi gúlúkóòsì ti yó kò ní mu ọyàn tó. Ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru ló yẹ kó mu ún, bí ó bá sì ń sùn, ẹ jí i.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ ọmọ láti mọ iye bilirubin, nítorí ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè tẹ́ ẹ sábẹ́ iná búlúù ní ìhòòhò, wọ́n á bo ojú rẹ̀, ẹ óò sì máa fún un lọ́yàn. Iná náà kì í ro ọmọ lára. Bí bilirubin bá ti ga jù, wọ́n lè ní láti máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa fi tuntun rọ́pò. Ẹ sọ fún wọn bí kánfọ̀ bá wà nílé, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ G6PD wò.

Ọ̀pọ̀ ìyá ń kúrò ní ilé ìgbẹ̀bí kí ọjọ́ kejì tó pé, yẹ́lò á sì wá bá wọn nílé. Nítorí náà, ẹ gbé ọmọ padà fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ kẹta, kódà bí ara rẹ̀ bá le. Ṣáájú ìbí, nígbà tí ẹ bá lọ gba ìtọ́jú aboyún, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní iná búlúù, àti ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé e bí iná bá lọ. Bí wọn kò bá ní, ẹ béèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n máa ń darí ọmọ sí, kí ẹ kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sára káàdì yín, kí bàbá ọmọ náà sì ní in lórí fóònù rẹ̀.