Gbígbin Ọ̀dùnkún sínú Àpò ní Àyíká Ilé, àti Bí A Ṣe Lè Pa Ìtàkùn Rẹ̀ Mọ́ Di Àkọ́rọ̀ Òjò

Ohun ọ̀gbìn méjì kan wà tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, ṣùgbọ́n tí wọn kò bá ara wọn tan rárá. Èkínní ni ọ̀dùnkún, tí àwọn mìíràn ń pè ní kúkúndùnkún tàbí ànàmọ́, èyí tí ìtàkùn rẹ̀ ń fà lórí ilẹ̀. Èkejì ni ànàmọ́ òyìnbó, tí ó jẹ́ ìbátan tòmátì àti ata, tí a sì ń kó wá sí ọjà wa láti Jos àti àyíká rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n orí òkè gíga tí ó tutù ni ilé èkejì. Ó yẹ kí á ya wọ́n sọ́tọ̀ kí á tó sọ̀rọ̀ síwájú, nítorí pé àwọn kan ti ka ìwé àwọn ará ìlú òyìnbó nípa gbígbin ànàmọ́ sínú àpò àti garawa, wọ́n sì ń fi owó àti omi ṣòfò lórí rẹ̀ ní ilẹ̀ tí kò bá a lára mu.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ànàmọ́ òyìnbó kì í ta dáadáa bí òru kò bá tutù. Nígbà tí òru bá móoru, púpọ̀ nínú oúnjẹ tí ewé rẹ̀ pèsè ní ọ̀sán ni ó máa ń lò fún ara rẹ̀, díẹ̀ ni yóò sì kù tí yóò sọ̀kalẹ̀ lọ di iṣu lábẹ́ ilẹ̀. Òru tí ó tutù tó ìwọ̀n 15 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó fẹ́. Orí òkè Jos, tí ó ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní nǹkan bí 1,200 mítà, ní irú òru bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn, Òṣogbo àti Abẹ́òkúta kò ní in, àfi ní ìwọ̀nba ọjọ́ ọyẹ́. Ẹni tí ó bá gbìn ín sínú garawa níbẹ̀ yóò rí ewé tútù tí ó dùn ún wò, yóò sì wú iṣu wẹ́wẹ́. Nítorí náà, ọ̀dùnkún tiwa, tí kò bẹ̀rù ooru, ni ìwé kékeré yìí dá lé lórí.

A kò sọ pé àpò lè rọ́pò oko. Àpò mẹ́wàá lẹ́yìnkùlé kò lè bọ́ ilé kan já ọdún, ẹni tí ó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbẹ̀ ń tàn án jẹ ni. Ohun méjì ni àpò wúlò fún. Ó ń fún ìyàwó ilé ní ohun tí yóò sè ní oṣù tí iṣu àtijọ́ ti tán tí iṣu titun kò sì tí ì jáde. Èkejì, tí ó tóbi jùlọ lójú tiwa, ni pé ó ń mú kí ìtàkùn wà láàyè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ní ilẹ̀, tí ó ní agbára, tí òjò sì rọ̀ fún, ṣùgbọ́n tí kò rí ìtàkùn gbìn títí di oṣù kẹfà tàbí ìkeje, nítorí pé oòrùn ti pa gbogbo èyí tí ó fi sílẹ̀ lóko. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àpò ìrẹsì tàbí àpò ajílẹ̀ tí ó ń gba 50 kílò ni ó dára jù, nítorí pé omi ń rí ọ̀nà jò lára rẹ̀. Garawa tí ó ti lu, bàsíà fífọ́ àti ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ti bù wúlò pẹ̀lú, bí jíjìn wọn bá ti tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Àpò sìmẹ́ǹtì oníwèé kì í pẹ́ jẹrà. A ń kìlọ̀ gidigidi pé kí ẹ má ṣe lo kẹ́ẹ̀gì tàbí garawa tí a fi gbé oògùn apakòkòrò, oògùn apakoríko, ọ̀dà tàbí omi bátìrì rí. Fífọ̀ kì í mú májèlé wọn kúrò tán, ohun tí a bá sì gbìn sínú wọn, ẹnu ọmọ wa ni ó ń lọ. Bí ó bá jẹ́ garawa, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò bí mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àpò, ẹ ká ẹnu rẹ̀ sóde títí gíga rẹ̀ yóò fi ku bí ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀, kí ó lè dúró ṣinṣin.

Ẹ po agbọ̀n ilẹ̀ dúdú mẹ́ta pọ̀ mọ́ agbọ̀n yanrìn kan àti agbọ̀n ìgbẹ́ ẹran kan tí ó ti jẹrà tán. Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ adìẹ, ìdajì agbọ̀n tó. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ eérú méjì sí i, nítorí pé eérú ń ran ọ̀dùnkún lọ́wọ́ láti ta. Ibi tí àwọn tí ó fẹ́ràn ohun ọ̀gbìn wọn jù ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á da ìgbẹ́ sí i lásèdà, ìtàkùn á sì bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá tú àpò, gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọn yóò bá. Ilẹ̀ tí ó lọ́ràá jù, ewé ni ó ń fún wa.

Orí ìtàkùn, níbi tí ó ti tutù, ni ó yẹ kí á gé, kì í ṣe ìdí rẹ̀ tí ó ti gbó. Kí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ó sì ní oríkèé mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ já àwọn ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ fi í sí ibòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ tó ri ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìtàkùn mẹ́ta tó fún àpò kan. Ẹ gbé àpò sí ibi tí oòrùn ti ń pa á fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Abẹ́ igi máńgòrò kì í ṣe àyè rẹ̀. Ẹ bomi rin ín lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, lẹ́yìn èyí ní ọjọ́ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́ dára fún un, ṣùgbọ́n kí á má ṣe da omi ọṣẹ sí i.

Àwọn kan ti gbọ́ pé bí a bá ń kó ilẹ̀ lé igi ànàmọ́ òyìnbó lórí bí ó ti ń ga, yóò máa ta ní àjà dé àjà. Bí ó ti wù kí ó rí níbẹ̀, ọ̀dùnkún kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ara oríkèé tí a kọ́kọ́ rì mọ́lẹ̀ ni ó ti ń ta. Ìtàkùn tí ó bá sì wọ́lẹ̀ kúrò nínú àpò, ẹ máa gbé e sókè ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó má baà ta gbòǹgbò síbẹ̀ kí ó sì pín agbára rẹ̀. Ẹ ṣọ́ ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ìtàkùn tí a fi pamọ́ àti èyí tí a dànù.

Ọ̀tá ọ̀dùnkún tí ó burú jù ni kòkòrò dúdú kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ti kòkòrò inú àgbàdo. Kò lè walẹ̀ jìn. Ojú ibi tí ilẹ̀ bá ti sán ni ó ń gbà dé ara ọ̀dùnkún láti yé ẹyin rẹ̀ sí, tàbí kí ó yé e sí ìdí ìtàkùn; ìdin rẹ̀ á sì máa jẹ ọ̀dùnkún lọ nínú, títí yóò fi korò tí ènìyàn kò fi ní lè jẹ ẹ́. Oògùn kì í sábà dé ibi tí ìdin náà wà. Ohun tí ó ń ṣẹ́gun rẹ̀ ni pé kí á máa fi ilẹ̀ dí ojú ibi tí ó sán, kí á má jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ jù, kí á má ṣe fi ọ̀dùnkún tí ó ti gbó sílẹ̀ pẹ́ nínú ilẹ̀, kí á sì kó àjẹkù ìtàkùn jìnnà. Ní èyí, àpò sàn ju oko lọ, nítorí pé a lè da ilẹ̀ inú rẹ̀ nù kí á sì gbìn sínú ilẹ̀ titun. Bí ẹ bá rí ìtàkùn tí ewé rẹ̀ kéré, tí ó lọ́ pọ̀, tí ó sì ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àrùn ni. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fa omi ewé ni ó ń gbé e kiri. Ẹ fà á tu, ẹ sun ún, kí ẹ má sì ṣe gé ìtàkùn lára rẹ̀ láéláé.

Ní oṣù mẹ́ta àtààbọ̀ sí mẹ́rin, ẹ lè fi ọwọ́ tú ilẹ̀ wò. Ẹ wú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé ibi tí ó bá bó ni yóò ti jẹrà. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji tí ó móoru tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí fún ọjọ́ mẹ́rin sí méje, kí ẹ sì fi àpò bò ó, kí awọ rẹ̀ lè le.

Bí ẹ bá lè rí irú èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bí kárọ́ọ̀tì, ẹ fi í sí àpò díẹ̀. Irú méjì bẹ́ẹ̀, King J àti Mother's Delight, ni ibùdó ìwádìí ìjọba ní Umudike fi lé àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní ọdún 2012 àti 2013. Ara ń sọ àwọ̀ pípọ́n náà di fítámì A, tí ń dáàbò bo ojú ọmọdé, pàápàá bí a bá fi epo díẹ̀ jẹ ẹ́. Èyí tí inú rẹ̀ funfun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní i rárá.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìtàkùn. Hẹ́kítà kan, bí a bá gbìn ín ní mítà kan láàrin ebè àti ẹsẹ̀ bàtà kan láàrin ìtàkùn, ń fẹ́ ìtàkùn tí ó ju 30,000 lọ. Kò sí ẹni tí ó lè dá èyí pa mọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ 25 gbìn sí àpò mẹ́rin mẹ́rin ní oṣù kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé, ìtàkùn mẹ́rin nínú àpò kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìtàkùn ni a ń wá níhìn-ín. Èyí jẹ́ 400. Bí a bá gé márùn-ún lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oṣù kìn-ín-ní, ó di 2,000. Ẹ gbin ìwọ̀nyí mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí sí àkùrọ̀ ẹgbẹ́. Bí a bá tún gé márùn-ún márùn-ún nígbà tí àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ó di 10,000, tí ó tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta hẹ́kítà kan, ní àkókò tí ìtàkùn wọ́n jùlọ lọ́jà.

Níbi tí omi kò bá tó láti rin àpò ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn àgbẹ̀ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ń lò. Ẹ ṣa ọ̀dùnkún tí kòkòrò kò jẹ, tí kò sì bó. Ẹ tẹ́ yanrìn gbígbẹ tí ó ti tutù sínú bàsíà, ẹ to ọ̀dùnkún lé e kí wọ́n má fara kan ara wọn, ẹ tún da yanrìn bò wọ́n, kí ẹ sì gbé e sínú yàrá tí kò móoru. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, kí ẹ yọ èyí tí ó bá jẹrà. Nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ gbìn wọ́n sínú àpò tàbí ebè nítòsí omi, kí ẹ máa bomi rin wọ́n. Ìtàkùn tí ó bá hù ni ẹ óò gé lọ sí oko.

Kí ẹgbẹ́ yan ẹni méjì tí yóò máa lọ wo àpò gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní oṣooṣù, kí wọ́n sì ní àṣẹ láti fa èyíkéyìí tí àrùn bá wà lára rẹ̀ tu, ìbáà jẹ́ ti alága ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Àpò kan tí a fi ojú àánú wò lè ba ti gbogbo ẹgbẹ́ jẹ́ ní àkùrọ̀.