Ilẹ̀kùn Ọ̀yẹ́-Èkìtì àti Àpẹẹrẹ Ilé Ìsìn Gẹ̀ẹ́sì

Kì í ṣe Bíbélì àti ìwé orin nìkan ni àwọn míṣọ́nnárì gbé wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n gbé àpẹẹrẹ ilé wá pẹ̀lú. Nínú ilé ìsìn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, fèrèsé a máa ga, orí rẹ̀ a sì ṣe ṣóńṣó. Ìdí iṣẹ́ ni ó fà á. Òkúta kò ṣe é nà gbọọrọ lórí àlàfo gẹ́gẹ́ bí igi. Nítorí náà, àwọn mọlémọlé a máa tò ó láti ọ̀tún àti láti òsì títí yóò fi pàdé lókè, kí ẹrù òkè lè gba ara ògiri sọ̀kalẹ̀.

Ní Èkìtì, amọ̀ ni a fi mọ ògiri, igi ni ó sì ń gba orí fèrèsé dúró. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì àti ọ̀pá irin dé, kò tún sí ìdí kankan fún orí ṣóńṣó, síbẹ̀ kò kúrò. Ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di àmì níhìn-ín: ẹni tí ó bá rí i lókèèrè mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Kì í ṣe àìmọ̀kan ìgbèríko. Ní Màríínà, Èkó, níbi tí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìpìlẹ̀ Kàtídírà Kírísítì lélẹ̀ ní 1925, ọ̀nà yìí kan náà ni Bagan Benjamin, tí ó ya àwòrán ilé náà, tọ̀. Ní 1946 ni a parí rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ṣí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ìlú tí kò jìnnà sí Ìsàn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony ti Ìjọ Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀. Bámdélé, ọmọ Arẹ́ògún ti Òsì-Ìlọrin, ni ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà. Lámídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, wá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ààfin ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe: ìpele lórí ìpele, ìtàn kan nínú ìpele kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọba orí ẹṣin àti ọdẹ ti máa ń wà, ìtàn Jésù ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Àwọn amòye mẹ́ta sì di ọba Yorùbá.

Àwọn onígbàgbọ́ kan kọminú. Ṣé ọwọ́ tí ó ń gbẹ́ ère Ẹ̀pa yẹ kí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run? Ìbéèrè náà wúwo ju bí àwọn olùfẹ́ ọnà ti ń rò lọ, nítorí pé nínú àwọn tí ó ń bi í ni a rí ẹni tí ó ti kọ òrìṣà bàbá rẹ̀ sílẹ̀ tòun ti ìyà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń bọ ilẹ̀kùn ààfin. Ẹni tí ó bá bẹ gbẹ́nàgbẹ́nà níṣẹ́ ni ó ń sọ ohun tí iṣẹ́ náà wà fún.

Ilé iṣẹ́ náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1954, ṣùgbọ́n Fákẹ́yẹ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìsìn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ń gbẹ́gi lọ títí di ọjọ́ ogbó. Ní 2009 ni ó kú. Bí ìjọ bá wó ilé àtijọ́ láti kọ́ èyí tí ó tóbi, orí fèrèsé ṣóńṣó a bá ògiri lọ. Ilẹ̀kùn nìkan ni ó ṣe é yọ, kí a tún gbé e kọ́. Ó sì ṣe é gbé lọ pátápátá. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́, tí òyìnbó aṣojú ìjọba wà lára rẹ̀ nínú ohun tí a fi ń gbé e, lọ sí ibi àfihàn Wembley ní 1924. Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà di òní, nínú British Museum. Àga ọba tí a kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ògògà gbà dípò rẹ̀.