Ìdí tí sísọ̀kalẹ̀ òkè fi ń ṣeni léṣe ju gígun rẹ̀ lọ

Ọjọ́ kejì tí mo ti Ìdànrè dé, mo lọ kí bàbá ìyàwó mi. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, itan mi kọ̀. Mo fọwọ́ ti àga, mo rọra tẹ̀ ba, àfi gbì nílẹ̀ bí àpò gààrí. Bàbá wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo gun òkè ni, àbí òkè ló gùn ọ́?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mò ń gòkè lọ, kò sóhun tó ṣe mí ju pé mò ń mí gúlegúle. Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní ẹgbẹ̀ta, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, téèyàn ti lè jókòó, kó mumi, kó máa wo òrùlé ìlú nísàlẹ̀. Mo sinmi ní gbogbo wọn. A dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè, níbi tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó ṣí wá sí ẹsẹ̀ òkè ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ara mi ṣì le koko. Ìgbà tí a ń bọ̀ nílẹ̀ ni mo dáràn. N kò sinmi níbì kankan. Mò ń fo àtẹ̀gùn ní méjì méjì bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ti lu agogo ìparí fún. Kí n tó dé ìsàlẹ̀, orókún mi ti ń gbọ̀n bí ewé.

Bí a bá ń gòkè, iṣan iwájú itan a máa sún kì bó ṣe ń tì wá sókè. Ó ń rẹni, àyà ń lù kìkì, ṣùgbọ́n iṣan náà mọ iṣẹ́ yẹn. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, iṣan kan náà ló di bíréèkì. Ara fẹ́ já lọ, iṣan ń fà á sẹ́yìn, ó sì ń nà bó ṣe ń fà á. Ẹni tó bá ti pọnmi ní kànga rí á mọ̀ pé korobá tó ń já lọ sísàlẹ̀ lè fi okùn bóni lọ́wọ́ ju èyí tó ń bọ̀ lókè lọ. Iṣan tó ń nà tó tún ń fà máa ń ya wẹ́wẹ́ nínú, níbi tí ojú kò lè rí. Ìrora rẹ̀ kì í yọjú lọ́jọ́ náà. Láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta ló máa ń le jù, ìyẹn ni mo ṣe rò pé mo mọ́kàn títí mo fi dé iwájú àna mi.

Ìrora yẹn á lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó léwu ni pé iṣan tó ti rẹ̀ kò lè dá ẹsẹ̀ dúró bó ṣe yẹ mọ́, ibẹ̀ lèèyàn ti ń kọsẹ̀, tí ọrùn ẹsẹ̀ ti ń rọ́. Ní Austria, àwọn olùwádìí yẹ àkọsílẹ̀ ìjàǹbá ọdún mẹ́sàn-án wò lórí òkè Alps. Nínú mẹ́rin tó bá ṣubú lójú ìrìn, bí mẹ́ta ló jẹ́ pé wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Ọ̀pá ni mo kọ́kọ́ máa dábàá. Ní 1999, àwọn onímọ̀ kan ní Austria ní kí àwọn ọkùnrin kan máa rìn sísàlẹ̀ lórí ibi tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́, pẹ̀lú ọ̀pá méjì àti láìsí ọ̀pá. Ọ̀pá náà dín agbára tó ń bá orókún kù ní ìdá 12 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn bàbá wa tí kì í lọ oko láìmú ọ̀pá dání kò dúró de ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ní kúkúrú, ẹ tẹ orókún díẹ̀, kí ẹ sì sinmi nígbà tí ẹ ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sinmi nígbà tí ẹ ń lọ.

Bàtà ńkọ́? Mo rí ọmọge kan lórí àtẹ̀gùn yẹn tó wọ sílípáàsì, nítorí fọ́tò. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ a máa yọ̀ lọ síwájú nínú bàtà, ọmọ ìka á máa gbá a lórí, èékánná á dúdú. Ẹ gé èékánná kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì so okùn bàtà le lọ́rùn ẹsẹ̀ kí ẹ tó máa bọ̀ nílẹ̀. Ìléròrò, òógùn àti ìfarakínra ló ń fà á. Níbi tó bá ti kọ́kọ́ ń ta yín, ẹ dúró, ẹ lẹ plásítà mọ́ ọn. Ẹ má sọ pé ó di ilé.

Omi: píọ̀ wọ́tà kan ní wákàtí kan tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń lé díẹ̀ bí oòrùn bá mú. Àmujù náà ní wàhálà tirẹ̀, torí omi lásán á ṣan iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbéni. Ẹ fi ẹ̀pà oníyọ̀ tì í. Bí oòrùn bá pa ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, ẹ gbé e síbòòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó máa wá ọkọ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má dì í pinpin. Kó má mira, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Àwọn kan wà tí Ìdànrè kò tó. Kilimanjaro ní Tanzania ni wọ́n ń lé, 5,895 mítà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, agbára tó fi ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró kò ju bí ìdajì ti etí òkun. Orí á fọ́, oúnjẹ ò ní lọ. Bó bá burú, omi á kún ẹ̀dọ̀fóró tàbí kí ọpọlọ wú. "Pole pole" ni àwọn afinimọ̀nà ń sọ ní èdè Swahili, ìyẹn ni pé jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Àwọn dókítà ní tí a bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibi tí a máa sùn má fi ju 500 mítà ga ju ti àná lọ. Ọ̀nà Marangu tó lókìkí ń gbé èèyàn láti ibùsùn tó wà ní 3,720 mítà lọ sí èyí tó wà ní 4,720. Lójú tèmi, ẹni tó bá lówó àtilọ, kó fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún un.

Bí àìsàn òkè bá sì mú èèyàn, ìwòsàn rẹ̀ tó dájú jù ni kó sọ̀kalẹ̀, lóru náà bó bá ṣe pàtàkì. Àwọn tí kò ṣàìsàn pàápàá, òru ni wọ́n ń gbéra lọ sí téńté òkè, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sì ń padà dé ibùsùn 3,720. Ó lé ní 2,000 mítà, sísàlẹ̀ nìkan, lórí itan tí kò sùn.